Ìlú Tí Ilẹ̀ Kò Gba Ipasẹ̀ Wọn

Woro, woro, woro. Bí ó ti máa ń dún nìyẹn, ṣaworo kékeré tó wà lọ́rùn ajá mi, Tanímọ̀la, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ẹni tí ń sùn sórí ẹní kan náà lálaalẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ti ń lò ó, nítorí orí rẹ̀ ni ìtàn yìí dúró lé. Bí a bá fẹ́ wọ igbó, màá já ewé tútù, màá fi dí ẹnu ṣaworo náà kí ẹran má baà gbọ́ wa. Bí a bá ń bọ̀ wálé, tí a sì dé ìdí igi agbálùmọ̀ tó wà ní ìpẹ̀kun oko, màá yọ ewé náà. Tanímọ̀la á sáré ṣáájú mi, woro, woro, woro, ìyàwó mi Àwẹ̀ró á gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé, á sì gbé omi kaná. N kò fi ẹnu ara mi sọ ọ́ rí pé mo ti dé. Ṣaworo ló ń bá mi sọ ọ́. Kí n tó bọ́ àpò kúrò léjìká, omi ìwẹ̀ mi ti hó.

Mo ti jìnnà sí ìró náà báyìí. Ní ìlú tí mo ti ń kọ ìwé yìí, bí mo bá dárúkọ ìlú wa, wọn á bi mí bóyá orúkọ oúnjẹ ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti di ojú, mo tún ń gbọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹ̀rù kì í ba ọdẹ, ẹ sún mọ́ mi. Èmi Ọdẹ́rìnlọ́, tí mo di ìwo ẹfọ̀n mú títí agara fi dá ẹfọ̀n, tí èmi àti ẹkùn jọ sá òjò lábẹ́ àpáta kan náà tó fi jẹ́ ẹkùn ló kọ́kọ́ dìde lọ, ẹ̀rù bà mí nínú ìrìn àjò tí mo fẹ́ sọ yìí débi pé títí di òní, bí mo bá rìn lórí ilẹ̀ tútù, mo máa ń yí ojú padà wò bóyá ipasẹ̀ mi wà níbẹ̀.

Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta ni mí nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. A jókòó níwájú ilé Olúọdẹ Ọdẹ́níran, ẹni tí í ṣe olórí gbogbo àwa ọdẹ ìlú wa, mo ń sọ ìtàn ẹfọ̀n yẹn. Mo dé ibi tí mo ti na ọwọ́ mú ìwo, ni àwọn géńdé tó jókòó níwájú mi bá bá mi parí rẹ̀, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí ọmọ iléèwé ń ka ábídí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, oorun kò kùn mí. Mo rí i pé mo ti mọ igbó wa bí ẹni mọ inú àwo ọbẹ̀ rẹ̀. Mo mọ òkúta tí ń mì bí a bá tẹ̀ ẹ́. Mo mọ ọ̀bọ tí ń wúkọ́. Ọmọ mi Mopélọ́lá ti wà nílé ọkọ. Àwọn àgbà sì ní ẹni tó bá rìn jìnnà ni í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi, gbogbo ọ̀kẹ́rẹ́ tí mo ti rí láyé mi, ẹ̀yìn wọn gún régé ni.

Ní òwúrọ̀, mo bá Àwẹ̀ró níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo ní, "Ìyá Mopé, mo fẹ́ máa lọ."

"Igbó wo?"

"Kì í ṣe igbó kan. Gbogbo wọn ni."

Kò gbé orí sókè. Ó ṣa ẹ̀wà bí ìwọ̀n ẹ̀kúnwọ́ kan kí ó tó dáhùn. "Bàbá Mopé, ṣé obìnrin ló wà níbẹ̀ ni?"

"Obìnrin kankan kò sí níbẹ̀."

"Ìyẹn ìbá tiẹ̀ sàn. Obìnrin, màá mọ bí mo ṣe máa bá a jà. Ọ̀nà ni n kò mọ bí wọ́n ti ń bá jà."

Ó sunkún díẹ̀, ó sì parí ẹ̀wà rẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ sọ́dọ̀ Olúọdẹ, wọ́n sì jọ fi òfin lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí kì í ṣe ọmọ ọdẹ, ẹ gbọ́ o: bí ọdẹ bá kú, a máa ń ṣípà fún un. A ó kó fìlà rẹ̀, àpò rẹ̀ àti ohun ọdẹ rẹ̀ lọ sẹ́bàá igbó, a ó sì sọ fún un pé òun àti àwa ti pínyà, kí ó má tún bá alààyè dẹ igbó mọ́. Bí a bá ti ṣe é, ó tán. Olúọdẹ wá sọ fún mi pé kí n máa fi ìyẹ́ àparò kan ránṣẹ́ sílé lọ́dọọdún, kí ilé lè mọ̀ pé mo wà láàyè. "Ṣùgbọ́n bí ọdún Ògún mẹ́ta bá kọjá tí a kò rí ìyẹ́ kankan, Ọdẹ́rìnlọ́, a ó ṣípà rẹ, ìyàwó rẹ á sì fá irun opó. A kò lè fi obìnrin sílẹ̀ láàárín kí ó má jẹ́ aya, kí ó má jẹ́ opó." Mo ní mo gbọ́. Ẹnu ni mo fi gbọ́ ọ.

N kò ní fi bí mo ti ń jẹ, tí mo ń sùn, dá yín dúró. Mo rìn. Ayé dùn mọ́ mi! Mo dé ìlú tí wọ́n ti ń kí ènìyàn kí wọ́n tó wo ojú rẹ̀. Mo sọ ìtàn ẹfọ̀n mi ní ọgọ́rùn-ún ibi, kò sì sí ẹnì kan tó bá mi parí rẹ̀. Èékún mi rọ̀ bí ti ọmọ ogún ọdún. Ìyẹ́ àparò wà nínú àpò mi, mo sì pàdé ọ̀pọ̀ arìnrìn àjò tó lè bá mi mú un délé, ṣùgbọ́n ọkàn mi ń sọ pé ẹni tó bá ń fi nǹkan ránṣẹ́ sílé, ilé ń fà á. Mo ní ó ṣì ku ọdún kan, kí ni mò ń kánjú sí?

Ẹ wo àṣìṣe arìnkiri. Ọdún Ògún tí mo bá bá wọn jẹ nìkan ni mò ń kà. Nílé, kò sí ọ̀nà mìíràn tí à ń gbà kà á. Bí a bá ti jẹ ọdún, ọdún ti yí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìlú kan á ti jẹ tirẹ̀ tán kí n tó wọlé, ìlú kejì á ní ó ku oṣù méjì, èmi á sì ti lọ kí oṣù méjì náà tó pé. Báyìí ni odindi ọdún kan gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá tí n kò kí i. Lójú tèmi, méjì ni mo ṣì wà.

Bí mo ti wà nìyí tí èmi àti Tanímọ̀la fi dé ẹnu igbó kan tí àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ń pè ní Igbó Àìbojúwẹ̀yìn. Ọ̀sán gangan ni. Ẹyẹ kan kò ké. Ẹnì kan dúró láàárín ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo kí i, kò yí padà. Mo yí lọ síwájú rẹ̀ láti kí i dáadáa, ni ìbọn bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi: iwájú orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìdí odó, kò sí ojú níbẹ̀, kò sí imú, kò sí ẹnu. Ìpàkọ́ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Ojú mẹ́ta ló to síbẹ̀ bí ọmọ ayò, ẹnu sì wà nísàlẹ̀ wọn, ó ń jẹ obì.

"Padà sẹ́yìn mi kí n lè rí ọ," ló wí. Mo padà. "Ìwọ tí ò ń gbọ̀n bí ẹni tó jí adìẹ, ta ló rán ọ?"

Ọgbọ́n kò tán nínú mi. Mo ní, "Ẹsẹ̀ mi ló rán mi."

"Ta ló rán ẹsẹ̀?"

"Ilé tó há."

"Ta ló jẹ́ kí ilé há?"

"Ìtàn kan tí mo sọ títí tí wọ́n fi ń bá mi sọ ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, àjẹkù obì sì ń já bọ́ sí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. "Ọdún mélòó lo ti fi ilé sílẹ̀?"

"Méjì."

"Ó pè é ní méjì!" Igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ fún. "Ọdẹ, báwo lo ṣe kà á?"

"Ọdún Ògún tí mo bá jẹ ni mò ń kà."

"Èyí tí o kò jẹ ńkọ́? Ṣé ilé rẹ náà kò jẹ ẹ́ ni?"

Ara mi tutù láti orí dé ìka ẹsẹ̀. Ó kúrò lọ́nà. "Kọjá. Òfin kan ló wà: má bojú wẹ̀yìn. Èmi ni mò ń bá gbogbo ẹni tó bá gba ibí wo ẹ̀yìn wọn." Ẹ ò rí i pé ó yẹ kí n padà nígbà náà! Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó ti mọ́ra kì í gbọ́ ti orí. Mo kọjá.

N kò tí ì rìn jìnnà tí mo fi gbọ́ ariwo bí ti ọjà tó ń ṣí lọ. Kí ni mo rí? Ìlú kan ni, odindi, ó ń rìn lọ láàárín igbó. Olúkúlùkù ló gbé ilé rẹ̀ lérí, ilé ẹní àti ọ̀pá, tòun ti ìlẹ̀kùn. Obìnrin kan gbé ààrò lérí, iná ń jó nínú rẹ̀, ìkòkò ń hó lórí iná, ó sì ń na ọwọ́ sókè ro ọbẹ̀ láìwò ó. Onígbàjámọ̀ kan ń fá orí oníbàárà rẹ̀, àwọn méjèèjì ń rìn. Tọkọtaya kan ń jà, wọ́n ń rìn. Bí wọ́n ti rí mi ni gbogbo wọn kígbe, "Ẹ kú ìrìn o!" Mo ní, "Ìrìn á dùn o!" Inú mi dùn débi pé omijé bọ́ lójú mi. Mo ti ń rò pé èmi nìkan ni àgbà tó ya wèrè.

Baálẹ̀ wọn ń jẹ́ Agbélérí, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀n kan tó ru ilé oníyàrá méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Abẹ́ òrùlé rẹ̀ ló ti yọ ojú sí mi. "Ìlú Kòdúró nìyí," ló wí. "Ẹni tó bá ti lé lógójì ọdún, tí ilé sú, ọmọ wa ni. Ẹ fún un ní iṣu!" Obìnrin kan tó ń jẹ́ Adépèlé ló fún mi ní iṣu sísun. Ẹní ló ń tà nígbà ayé rẹ̀ nílé. Ó ní òun bá ẹní rìn títí òun kò fi lè sùn lórí rẹ̀ mọ́. Mo jẹ iṣu náà. Tanímọ̀la gbóòórùn tirẹ̀, ó kọ̀ ọ́, ó lọ pa eku jẹ. Láti ọjọ́ náà lọ, eku tó bá pa fúnra rẹ̀ nìkan ló ń jẹ. Ajá gbọ́n jù mí lọ, n kò jiyàn.

Adépèlé wo ọrùn ajá. "Kí ni ìyẹn?"

"Ṣaworo ni."

"Kí ló dé tí o fi ewé dí i lẹ́nu?"

"Kí ẹran má baà gbọ́."

"Ó dára. Má ṣí i o. Baálẹ̀ kò fẹ́ ìró tí ń pe ènìyàn."

Ọjọ́ mẹ́fà ni mo bá wọn rìn, ọjọ́ mẹ́fà tí mo fi rẹ́rìn-ín ju bí mo ti rín in láti ọdún mẹ́wàá lọ. Ohun kan ṣoṣo ló ń yọ mí lẹ́nu: n kò rí ọmọ kékeré kan láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ ilé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ keje, òjò rọ̀, a sì la odò kan kọjá. Ẹrẹ̀ etí odò náà rọ̀ bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì. Gbogbo ìlú ti kọjá tán nígbà tí mo rí i pé Tanímọ̀la dúró lẹ́yìn, ó ń kùn sí ilẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ọdẹ kì í fi ipasẹ̀ sílẹ̀ láìkà á. Ìwé wa ni. Mo gbàgbé òfin. Mo bojú wẹ̀yìn.

Ó lé ní igba ènìyàn tó gba orí ẹrẹ̀ náà kọjá pẹ̀lú ilé lórí. Ẹrẹ̀ náà ń dán, kò sí ohun kan lójú rẹ̀. Ipasẹ̀ ajá mi nìkan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú tèmi. Mo mọ tèmi nítorí pé pakuté ti gé ọmọńdinrín ẹsẹ̀ òsì mi láti ìgbà èwe, ìka mẹ́rin ló kù. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ìka wà níbẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ wà níbẹ̀. Gìgísẹ̀ kò sí. Mo tún ẹsẹ̀ tẹ̀, mo fi gbogbo agbára mi tẹ̀ ẹ́ títí ẹrẹ̀ fi mù mí dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo fà á yọ. Ibi tí gìgísẹ̀ mi ti wọlé ti pa ojú dé bí omi. Ọ̀rẹ́ mi, mo ti gbọ́ igbe ẹkùn lẹ́yìn etí mi rí. Kò tó èyí.

Mo sáré bá Adépèlé. "Kí ni yín? Èwo nínú ẹ̀dá Ọlọ́run ni yín?"

Ó wo ojú mi pẹ̀lú àánú. "Ìwọ náà ti wo ẹ̀yìn. A kì í ṣe òkú o, má bẹ̀rù. Ilé ló ti ṣe òkú wa, nígbà tí wọn kò gbúròó wa. Ọjọ́ tí wọ́n bá sin ènìyàn nílé ni ilẹ̀ kọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Èwo ló lọ lára tìrẹ?"

"Gìgísẹ̀."

"Wọ́n ti ń kó ẹrù rẹ jọ nìyẹn. Ọ̀la, àtẹ́lẹsẹ̀ á lọ. Ọ̀túnla, ìka."

"Bí ìka bá lọ ńkọ́?"

"Wàá máa bá wa rìn. Kò ní dùn ọ́. Wàá kàn gbàgbé ni."

"Kí ni orúkọ ìlú tìrẹ, Adépèlé?"

Ó la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún la á. "Odò kan wà níbẹ̀," ló wí, ohùn rẹ̀ sì kéré bí ti ọmọdé. "Odò kan wà níbẹ̀."

Ìgbà náà ni mo tó ka ọdún mi dáadáa, mo fi ìka ọwọ́ kà á, mo rí ẹ̀kẹta. Mo rí Àwẹ̀ró níwájú abẹ ìfárí. Mo sá! Mo kọ ẹ̀yìn sí wọn, mo sá bí ìgalà tí ọta bà tí kò wọlé, Tanímọ̀la ń sá níwájú mi. Mo sá láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi dé àtàrí, ni mo bá gbọ́ ariwo níwájú. Mo ya ewéko. Ìkòkò ń hó lórí ààrò, onígbàjámọ̀ ń fá orí. "Ẹ kú ìrìn o!" ni gbogbo wọn wí, inú wọn sì dùn láti rí mi. Mo tún yí padà, mo gba apá òsì. Wọ́n wà níbẹ̀. Mo gba apá ọ̀tún. "Ẹ kú ìrìn o!" Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́ lọ́jọ́ kejì, mo tẹ ẹsẹ̀ sínú ẹrẹ̀: ìka nìkan ló kù.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú Agbélérí, ó sì ń rìn, tó fi jẹ́ pé mo ń dọ̀bálẹ̀, mo ń dìde, mo ń sáré, mo tún ń dọ̀bálẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí òrùlé rẹ̀ fi ń mì. "Ọdẹ, kí ló tún kù? O ní o fẹ́ máa rìn. Ìrìn nìyí."

"Mo fẹ́ máa rìn, Baálẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ilé mọ̀ pé mò ń rìn."

Ó tún òrùlé orí rẹ̀ ṣe. "Ìwọ kò lè padà, iṣu wa ti wọ inú rẹ. Ṣùgbọ́n n kò lè dí ohun tí kò jẹ iṣu wa lọ́wọ́." Ó wo ajá mi. "Àlọ́ kan tèmi, ọ̀kan tìrẹ. Bí o bá tú tèmi, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì lè tú tìrẹ, ajá lè lọ. Àlọ́ o!"

"Àlọ̀!"

"Ó ń lọ, ó ń bọ̀ láti òwúrọ̀ dé alẹ́, kò sì kúrò nílé rí. Kí ni?"

Ẹ̀yin tó jókòó nílé ti mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo ti ń sùn sídìí igi fún ọdún mẹ́ta, orí mi ṣófo. Gbogbo ìlú ń wò mí, wọ́n ń rìn. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, ìgbà tí mo ronú kan Àwẹ̀ró tó ń jáde lọ pọn omi ni mo gbọ́ ìró kan, kíìíì, ohun tí mo ti ń sọ fún un láti ogún ọdún pé màá fi epo sí. "Ìlẹ̀kùn ni!" Ojú Agbélérí kọ́rẹ́.

Ó kan èmi. Mo ní, "Àlọ́ o!" Wọ́n ní, "Àlọ̀!" Mo ní, "Ìró wo ni ń mú kí omi hó?"

Wọ́n wo ara wọn. Ẹnì kan ní iná ni, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé iná kì í ṣe ìró. Ẹnì kan ní àrá ni. Onígbàjámọ̀ ní irọ́ ni mò ń pa, pé èyí kì í ṣe àlọ́. Nígbà tí ó tó àkókò díẹ̀ ni Adépèlé dúró. Ẹ gbọ́ mi: ó dúró! Ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kì í dúró, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sójú kan, ẹní já bọ́ lórí rẹ̀. "Ìró ẹni tó ń bọ̀ wálé ni," ló wí. "Bí mo bá ti ọjà dé, ọkọ mi á gbọ́ ikọ́ mi lókèèrè. Á gbé omi kaná. Ó ti máa ń..." Ó bú sẹ́kún. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dúró. Ẹlẹ́ẹ̀kejì dúró. Tọkọtaya tó ń jà dákẹ́. Mo rí ohun tí n kò rí lójú Agbélérí rí: ẹ̀rù.

Ó ti tú àlọ́ mi. Mo ti pàdánù. Ṣùgbọ́n Agbélérí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sétí mi, ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá. "Rán ajá náà. Rán an kíá, kí ṣaworo yẹn kúrò láàárín wa! Ṣùgbọ́n tí o bá yọ ewé ẹnu ṣaworo yẹn ní ìlú yìí, tí wọ́n gbọ́ ọ, gbogbo wọn á dúró. Ẹni tí ilẹ̀ kò gbà tó bá dúró pẹ́, ilẹ̀ á gbé e mì. Ṣé o gbọ́?"

Mo gbọ́. Mo ya etí gbérí, ẹ̀wù ọdẹ mi, mo fi èédú po epo, mo fi kun ẹsẹ̀ òsì, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ náà. Ìka mẹ́rin yọ, dúdú kirikiri. Mo fi ìyẹ́ àparò há a láàárín, mo so ó mọ́ ọrùn Tanímọ̀la. Ìka ọwọ́ mi ti wà lára ewé ẹnu ṣaworo. Mo mọ ohun tí Àwẹ̀ró á gbọ́ bí mo bá yọ ọ́. Mo wo Adépèlé tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti ń rọ̀. Mo fi ewé náà sílẹ̀. Mo ní, "Tanímọ̀la, ilé!" Ajá náà wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan, ó sì sáré lọ láàárín ìtàkùn. N kò gbọ́ nǹkan kan. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Èmi àti onígbàjámọ̀ gbé Adépèlé dìde, a fà á títí ó fi ń rìn. Ọjọ́ kẹta pé. N kò rí odò wò, mo ń tẹ ẹsẹ̀ sínú gbogbo ilẹ̀ tútù tí mo bá rí bí ẹni tí ń jó. Ní òwúrọ̀, ìka mẹ́rin. Nígbà tí oòrùn gòkè, mẹ́ta. Méjì. Mo gbìyànjú láti dárúkọ igi tó wà ní ìpẹ̀kun oko wa, mo sọ pé ìrókò, mo mọ̀ pé kì í ṣe ìrókò. Ní ọ̀sán, àtàǹpàkò nìkan ló kù, ó sì fẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú ẹsẹ̀ ẹyẹ. Mo jókòó sórí gbòǹgbò igi kan, mo gbé ẹsẹ̀ lé ẹrẹ̀, n kò fẹ́ gbé e kúrò, nítorí n kò fẹ́ rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo gbé e, mo di ojú. Mo ṣí i. Gìgísẹ̀ mi wà níbẹ̀! Ó jìn, ó yípo, omi ń sun sínú rẹ̀. Agbálùmọ̀! Igi agbálùmọ̀ ni!

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó gbọ́ bí ó ti rí nílé. Olúọdẹ ti kó fìlà mi àti àpò mi àtijọ́ dé ẹ̀bá igbó, ọ̀rọ̀ ìpínyà ti wà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì ti tú irun Àwẹ̀ró sílẹ̀, nígbà tí ajá kan dé sí àárín wọn láìdún, tó rù kan eegun; ọ̀nà tó gbà dé láàárín ọjọ́ kan, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Àwẹ̀ró tú aṣọ ọrùn ajá náà, ó tẹ́ ẹ sórí itan. Ó ní, "Ẹ gbé abẹ sílẹ̀. Ọkọ mi nìyí. Òkú kì í tẹ ẹsẹ̀."

Ìlú Kòdúró kò lè mú mi mọ́. Bí mo ti ń rìn ni mò ń rẹ̀yìn, wọ́n sì ń lọ. Agbélérí kígbe láti abẹ́ òrùlé rẹ̀, "Ilẹ̀ ti mọ̀ ọ́! Máa bá tìrẹ lọ, ọdẹ!" Adépèlé nìkan ló yí ojú padà. "Bí o bá dé ìlú kan tó ní odò," ló wí, "bá mi bèèrè bóyá wọ́n mọ̀ mí." Ìlú tó ní odò pọ̀. Mo ti bèèrè ní gbogbo èyí tí mo dé. Bí ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí bá ní ẹbí kan tó ń ta ẹní, tó lọ tí kò bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ òfìfo lẹ fi ẹní bò nígbà tí ẹ sin ín; ó ṣì ń rìn.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí n kò wálé láti ọjọ́ náà. N kò ní purọ́ fún yín. Mo fẹ́ràn ọ̀nà, mo fẹ́ràn rẹ̀ síbẹ̀, n kò sì kábàámọ̀ ọjọ́ kan tí mo rìn. Bẹ́ẹ̀ ni ìtìjú wà níbẹ̀: mo rán ajá lọ láìdún, Àwẹ̀ró sì mọ ìtumọ̀ ṣaworo tí kò dún. Ọdún mọ́kàndínlógún nìyí, n kò jẹ́ kí ọdún kan kọjá láìfi ìyẹ́ àparò ránṣẹ́. Sánúsí, ọkùnrin kan tó ń ṣòwò obì gba ìlú wa, ló ń bá mi mú un lọ. Èsì kan náà ló máa ń mú bọ̀: "Ìyá Mopé ní kí n kí yín kú ìrìn." Kò fi nǹkan kan lé e rí.

Lọ́dún yìí, èékún mi méjèèjì ń dún bí ìlẹ̀kùn tí a kò fi epo sí. Sánúsí dé lánàá, ó jókòó, ó mu omi, ó sì ń wo ilẹ̀. "Bàbá," ló wí, "Ìyá Mopé ní kí n kí yín kú ìrìn. Ó tún ní kí n sọ fún yín pé láti ọjọ́ tí Tanímọ̀la ti kú ni òun ti so ṣaworo rẹ̀ mọ́ òpó ẹnu ọ̀nà. Ewé tí ẹ fi dí i ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti gbẹ. Mopé fẹ́ yọ ọ́, ìyá rẹ̀ lu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ẹni tó dí i ni yóò yọ ọ́."

Nígbà tó ń di ẹrù rẹ̀ ní òwúrọ̀ òní, mo na ìyẹ́ àparò sí i gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, ó na ọwọ́, mo sì fà á padà. Mo ní kò sí ìyẹ́ lọ́dún yìí. Mo ní kí ó fi ẹnu sọ ọ́ fún un, kí ó má fi ọ̀rọ̀ kan kún un, kí ó má yọ ọ̀kan kúrò: "Ìyá Mopé, gbé omi kaná."